Kí Òbí Rí I, Kí Ọmọ Fọwọ́ Kàn Án: Ìlera àti Sáyẹ́ǹsì Láti Inú Ilé

(Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn òbí àti olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ní Àkúrẹ́)

Alága ìjókòó, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ pọn ọmọ-ọmọ wá síbí, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìfarabalẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ìsọ̀ pa ní Ọjà Ọba kí wọ́n tó lè wá, àwọn mìíràn sì tọrọ àyè lẹ́nu iṣẹ́ ní Alágbàká. N kò ní fi àkókò yín ṣòfò.

Ohun tí mo bá wá kò pọ̀. Ìlera ọmọ kékeré àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni. Inú ilé ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó ń wẹ ọmọ, tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń tẹ́ ẹ sùn. Bí ilé ìwé àti ilé ìwòsàn bá fẹ́ kí ọmọ yè kó sì gbọ́n, ọ̀dọ̀ òbí ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Kí wọ́n má lọ pàṣẹ fún un o. Kí wọ́n bá a ṣe é ni, kí òbí fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ìgbà wo ni ilé ìwé máa ń ránṣẹ́ pe òbí? Nígbà tí owó ilé ìwé kò bá tíì pé, nígbà tí ọmọ bá lu ọmọ ẹlòmíràn, tàbí nígbà tí ayẹyẹ ìparí sáà bá kù dẹ̀dẹ̀. Ilé ìwòsàn ńkọ́? Nọ́ọ̀sì á dúró níwájú àwọn ìyá tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á sọ fún wọn pé kí wọ́n máa fọ ọwọ́, kí wọ́n máa se omi, kí wọ́n máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì. Àwọn ìyá á fi kọrin, wọ́n á pàtẹ́wọ́ sí i, wọ́n á gba abẹ́rẹ́ ọmọ, wọ́n á sì máa lọ. Mi ò bu àwọn nọ́ọ̀sì wa kù rárá, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ pọ̀ ju iye wọn lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí a kàn fi etí gbọ́ kì í pẹ́ lọ́kàn. Èyí tí a bá fi ọwọ́ ara wa ṣe, tí a sì rí bó ṣe já sí, òun ló ń bá wa dé ilé ìdáná.

Ẹ̀rí wà fún ohun tí mo ń sọ yìí. Ní ọdún 1971, nígbà tí ogun ń jà ní ilẹ̀ tó di Bangladesh lónìí, àìmọye ènìyàn sá wọ Íńdíà. Àrùn kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ ní ibùdó àwọn tó sá fún ogun ní ìlú Bangaon. Dókítà kan tó ń jẹ́ Dilip Mahalanabis wà níbẹ̀, omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára sì ń tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà glúkóòsì mọ́ omi kí aláìsàn máa mu ún. Nọ́ọ̀sì kò tó, nítorí náà ó kó omi náà lé àwọn ẹbí lọ́wọ́. Ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, àwọn ni wọ́n jókòó ti ènìyàn wọn tí wọ́n ń fún un mu díẹ̀díẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, nǹkan bí 30 nínú aláìsàn 100 ló ń kú ní ibùdó yẹn. Lẹ́yìn tí omi yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn tó ń kú lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ kò tó 4 nínú 100. Àwọn ẹbí tó gbé ife dání yìí, wọn kì í ṣe dókítà.

Ìtàn náà kò tán síbẹ̀. Láti 1980 títí di 1990, ẹgbẹ́ BRAC, tó ń ran àwọn tálákà lọ́wọ́ ní Bangladesh, rán àwọn obìnrin láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n sì kọ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 agbo ilé bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ tí a fi ìka mẹ́ta bù àti ẹ̀kúnwọ́ ṣúgà ìrèké po omi náà. Wọn kì í san owó fún olùkọ́ ní tìtorí pé ó ti sọ̀rọ̀. Alábòójútó á padà lọ bá ìyá náà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, á ní kó sọ ọ́ kó sì ṣe é lójú òun, ohun tí ìyá náà bá rántí ni wọ́n fi ń ṣírò owó olùkọ́. Apá yìí wú mi lórí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n tún rí i pé ẹ̀kọ́ ìyá nìkan kò tó, wọ́n ní láti lọ bá àwọn ọkùnrin náà. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ wà níbí lónìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa mú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín wá nígbà mìíràn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ìgbẹ́ gbuuru nínú ilé, kí ọmọ sì wà nídìí rẹ̀. Píọ̀ wọ́tà méjì tó jẹ́ sẹ̀ntílítà 50, líta kan nìyẹn. Ṣúgà, ṣíbí tíì mẹ́fà tó dọ́gba létí. Iyọ̀, ààbọ̀ ṣíbí tíì kan náà. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè ka mẹ́fà. Ẹ fún un ní ẹ̀yìn rúlà tó mọ́, kó máa fi gbá orí ṣíbí kó lè tẹ́jú. Lẹ́yìn náà, kó bu ṣíbí kan tó kún gògòrò, kó gbá tirẹ̀ sórí àwo, kó wo iye tó dà sílẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló máa mọ̀ pé ṣíbí kan yàtọ̀ sí ṣíbí kan. Ìyá tó dúró tì í náà á mọ̀ ọ́n, nítorí pé ibi tí ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣì í nìyẹn. Iyọ̀ tó pọ̀ jù lè pa ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ti mú lára. Kí ìyá tọ́ ọ wò kó tó fún ọmọ, bó bá ti níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, ẹ po òmíràn. Èyí tí kò bá sì tán láàrin wákàtí 24, ẹ dà á nù.

Ọmọ á bi yín pé kí ló dé tí a fi ń fi ṣúgà sí oògùn. Ẹ má ṣe ní kó dákẹ́. Ẹ sọ fún un pé nínú ìfun, iyọ̀ àti ṣúgà jọ ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé, ibi tí wọ́n bá wọ̀ ni omi ń tẹ̀ lé wọn lọ. Bí ṣúgà kò bá sí, iyọ̀ kì í rí ọ̀nà wọlé dáadáa, omi á sì gba ìdí jáde. Ọmọ tó bá mọ èyí ní ọdún márùn-ún ti mọ ohun tí àwọn onímọ̀ kò mọ̀ dáadáa títí di àwọn ọdún 1960. Iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀ sínú páálí ní ilé ìwòsàn àti ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ló dára jù, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára nípa iye omi, kí ẹ sì gba oògùn síńkì pọ̀ mọ́ ọn: mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọmọ tó ti lé ní oṣù mẹ́fà, 10 fún èyí tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀, fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, bí kò bá tọ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí bí kò bá lè mu nǹkan mọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ọwọ́ fífọ̀ ńkọ́? Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ títí ó fi sú wa. Àwọn tísà kan máa ń wọ́n ata gígún sójú omi nínú àwo, wọ́n á ní kí ọmọ ki ìka tó ní ọṣẹ bọ̀ ọ́, ata á sì sá lọ sí etí àwo. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún ọmọ pé kòkòrò ló ń sá fún ọṣẹ, torí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú omi ló yí padà nígbà tí ọṣẹ kàn án, tó sì fa ata lọ. Ọmọ tí a bá kọ́ ní ohun tí kì í ṣe òótọ́ nítorí pé ó dùn ún wò, a ti ṣẹ̀ ẹ́.

Epo pupa ni mo fara mọ́. Ẹ kán díẹ̀ sí ọmọ ní àtẹ́lẹwọ́, kó fi ra ọwọ́ méjèèjì, títí dé àárín ìka àti abẹ́ èékánná. Kó kọ́kọ́ fi omi lásán ṣàn án. Ẹ bi í pé ṣé ó ti kúrò. Ọmọ á wo ọwọ́ rẹ̀, á ní ó ṣì ń yọ̀. Ẹ wá fún un ní ọṣẹ, kó rọra ka oókan títí dé ogún bó ṣe ń ra ọwọ́. Níbi tí epo bá ṣẹ́ kù sí, ẹ̀yìn àtàǹpàkò ló sábà máa ń jẹ́, ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ kì í dé ní ojoojúmọ́. Kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni tún bá a wí. Ọṣẹ ní apá kan tó máa ń di ọ̀rá mú àti apá kan tó máa ń di omi mú, ìdí nìyẹn tí epo fi ń bá omi lọ. Ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì ló sì ní awọ ọ̀rá lára, títí kan ti Kòrónà àti ti ibà Lassa. Bí ọṣẹ bá ti fa awọ náà ya, agbára rẹ̀ tán. Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ìdànrè àti Òǹdó mọ̀ pé eérú èèpo kòkó wà lára ohun tí a fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Kí wọ́n gbọ́ pé iṣẹ́ tí àwọn ìyá ìyá wọn ń ṣe nínú ìkòkò, sáyẹ́ǹsì ni. Omi eérú yẹn máa ń jó ni lára o, kí ọmọ wò ó lókèèrè.

Mo ti dárúkọ ibà Lassa. N óò dúró díẹ̀ lórí rẹ̀ nítorí pé ìpínlẹ̀ wa ni mo wà. Ní ìlú Lassa, ní Borno, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní ọdún 1969, òun ló fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lónìí, ìpínlẹ̀ Òǹdó wà lára àwọn tí ó ń yọ lẹ́nu jù ní gbogbo Nàìjíríà, Ọ̀wọ̀ sì ni a ti ń tọ́jú ọ̀pọ̀ àwọn tó ní i, ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà níbẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pọ̀ jù. Eku kan tó ní ọmú púpọ̀, tó ń gbé nínú ilé àti nítòsí oko, ló ń gbé e kiri. Yóò tọ̀ tàbí yàgbẹ́ sínú gàrí, sínú láfún tí a sá sẹ́bàá títì, sínú púpurù tí a kò dé, ẹni tó bá jẹ ẹ́ tàbí fọwọ́ kàn án lè kó àrùn náà. Láàrin ọjọ́ 2 sí 21 ló ń fara hàn, ó sì máa ń dà bí ibà lásán níbẹ̀rẹ̀.

Bí mo bá ní kí ẹ dé gàrí yín, ẹ ó ní a ti gbọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe àyẹ̀wò dípò rẹ̀. Lálẹ́ òní, ẹ wá táìlì kan tàbí pátákó pẹlẹbẹ. Ẹ jọ eérú gbígbẹ tí kò gbóná mọ́, ẹ wọ́n ọn lé e lórí kó fẹ́lẹ́ kó sì tẹ́jú. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, lẹ́yìn àpò gàrí tàbí lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, torí pé eku kì í gba àárín ilé kọjá bó bá lè fi ara gbá ògiri. Ní àárọ̀, kí ọmọ tan tọ́ọ̀ṣì sí i kó wò ó, kó má fọwọ́ kàn án. Bí eku bá kọjá, ipa ẹsẹ̀ á wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú á ní ìka mẹ́rin, tẹ̀yìn á ní márùn-ún, nígbà mìíràn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á sì wà láàrin wọn níbi tí ìrù ti wọ́ kọjá. Kí ọmọ yà á sínú ìwé. Kó ka ìka rẹ̀. Kó sọ ibi tó rò pé ó ti wá àti ibi tó rò pé ó ń lọ.

Ìyá kan tó ń ta gàrí sọ fún mi pé kò sí eku ní ìsọ̀ òun, pé bí ó bá wà òun á ti gbọ́ ọ. A gbé táìlì eléérú sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún márùn-ún, ló na ìka sí ẹsẹ̀ kéékèèké tó tò láti ìdí ògiri lọ sí ìdí àpò kan, ó ní, “Màámi, méjì ni wọ́n, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré.” Ìyá náà kò sọ̀rọ̀. Ó gbé àpò náà kúrò nílẹ̀, ihò kan sì wà níbẹ̀ tí kò rí rí. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti ra ike onídèérí mẹ́ta, ó sì ti fi sìmẹ́ǹtì dí ihò náà. Ọdún mélòó ni rédíò ti ń kìlọ̀ fún un? Eérú òru kan péré ló sún un ṣe é, àti ojú ọmọ rẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ ní ojú tó ń rí ohun tó wà nílẹ̀, òbí ní owó ike àti agbára láti dí ihò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún gbé eérú sílẹ̀, kí ọmọ fi àwòrán tuntun wé ti tẹ́lẹ̀. Bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: wọ́n á béèrè, wọ́n á dán an wò, wọ́n á yí nǹkan kan padà, wọ́n á tún wò ó. Àgbàlagbà ni kó palẹ̀ eérú náà mọ́ o, kó fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bo ọwọ́. Ìgbẹ́ eku kì í ṣe ohun tí à ń gbá ní gbígbẹ, ẹ kọ́kọ́ wọ́n omi bílíìṣì sí i kó tutù, kí ẹ tó fi tísù kó o.

Ti ẹ̀fọn kò gùn. Ẹ bu omi tó ti dúró nínú táyà àtijọ́ tàbí ní ojú ọ̀nà níbi tí mọ́tò ti gbẹ́ ilẹ̀, ẹ dà á sínú ìgò funfun. Bí tanwíji bá wà níbẹ̀, ẹ fi aṣọ nẹ́ẹ̀tì dé ẹnu ìgò náà, ẹ so ó pinpin. Kí ọmọ máa wò ó lójoojúmọ́. Èyí tó bá nà gbalaja sójú omi, ti ẹ̀fọn tó ń gbé ibà ni, èyí tó bá dorí kodò, ti ẹ̀fọn mìíràn ni. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, wọ́n á ká kò, wọ́n á sì di ẹ̀fọn lójú ọmọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n bá ti rí èyí, ẹ bi wọ́n pé: bí a bá ń da gbogbo omi tó dúró yí ilé ká nù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ṣé tanwíji á rí àyè di ẹ̀fọn? Àwọn fúnra wọn ni yóò dá yín lóhùn, àwọn náà ni yóò sì máa rán yín létí ní gbogbo Sátidé. Kí gbogbo tanwíji náà tó di ẹ̀fọn tán, ẹ kán òróró díẹ̀ sínú ìgò náà. Òróró á bo ojú omi, tanwíji kò ní rí èémí mí, ọmọ á sì mọ̀ pé inú omi ló ń gbé, ṣùgbọ́n òkè ló ti ń mí.

Èémí yìí gan-an ló kàn. Òtútù àyà, tí àwọn dókítà ń pè ní nìmóníà, wà lára ohun tó ń pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún jù. Bí ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni tó mọ oókan, eéjì lè dá a mọ̀. Nígbà tí ara ọmọ bá balẹ̀ tàbí tó ń sùn, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè, ẹ wo àyà àti ikùn, ẹ fi aago fóònù ka iye ìgbà tó mí fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, bó bá tó 60. Ọmọ oṣù méjì sí oṣù 11, bó bá tó 50. Ọmọ ọdún kan títí dé ọdún márùn-ún, bó bá tó 40. Bí ó bá ń wúkọ́ tí èémí rẹ̀ sì tó iye yìí, tàbí bí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ bá ń wọlé bó ṣe ń mí, ilé ìwòsàn yá. Ẹ má dúró de àárọ̀. Ẹ máa fi ọmọ tí ara rẹ̀ le kọ́ ọ kí àìsàn tó dé. Kí ó jókòó, kí a ka tirẹ̀. Kí ó fò lókè, kí a tún kà á. Á rí i pé ó ti pọ̀ sí i, á sì béèrè ìdí. Eré ni lójú ọmọ, ṣùgbọ́n ojú ìyá ti ń mọ èémí tó dáa àti èyí tí kò dáa.

Káàdì àjẹsára, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀: ọjọ́ tí a bí i, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9, oṣù 15. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri yàrá.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn kan nínú yín. Ẹ ń sọ nínú yín pé, èmi kò ka ìwé, báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì? Ní January 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n tètè gbé sórí Gẹ̀ẹ́sì lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́. Nítorí náà, èdè tí ẹ ń sọ ní ilé ìdáná tó fún sáyẹ́ǹsì, Àkúrẹ́ tí ẹ ń sọ náà tó bẹ́ẹ̀.

Ìmọ̀ sì wà lọ́wọ́ yín tí tísà kò ní. Ẹni tó ń ṣe ògì mọ ọjọ́ tí àgbàdo máa ń kan, ó mọ ìgbà tí ìhó máa ń yọ àti ìgbà tí òórùn rẹ̀ ń yí padà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ṣe wá lóore ló ń ṣe gbogbo ìyẹn. Ẹni tó bá ní oko kòkó mọ̀ pé bí a bá pa kòkó, tí a kó o jọ, tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, ara rẹ̀ á gbóná ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Ooru yẹn lè dé ìwọ̀n 45 sí 50 lórí tẹmọ́mítà. Ẹ mú ọmọ lọ, kó gbé ọwọ́ sún mọ́ ọn kó lè mọ bí ooru rẹ̀ ti tó, kó béèrè ẹni tó dáná sí i. Kò sí iná níbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, àwọn ẹni wọ̀nyí ló yẹ kí ẹ pè wá sí kíláàsì. Ẹ fún bàbá àgbẹ̀ ní àga níwájú, ẹ jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ rí i pé wọ́n ń fetí sí bàbá òun.

Ẹ̀yin olùkọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kù fún. Bí ẹ bá fẹ́ òbí, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp ní Yorùbá, ẹ yé kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n á fi di ẹ̀pà. Ẹ bi wọ́n ní aago tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn kí ẹ tó dá ìpàdé. Àwọn ará ọjà kò lè wá ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, ẹ má sì pè wọ́n ní aláìbìkítà nítorí rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ètò Head Start tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1965 fún ọmọ àwọn tálákà, ilé ìwé, ìlera eyín, oúnjẹ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n pa pọ̀, àwọn òbí sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń dá sí ìpinnu. A kò ní owó Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n kí òbí ní ohùn nínú ìpinnu kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan béèrè ìbéèrè.

Bàbá kan tó ń wa ọ̀kadà sọ pé ilẹ̀ ti máa ń ṣú kí òun tó wọlé, kí ni òun fẹ́ ṣe nínú gbogbo èyí. Mo ní, bàbá, iṣẹ́ òru pọ̀. Alẹ́ ni a ń gbé eérú sílẹ̀. Alẹ́ ni a ń so nẹ́ẹ̀tì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ̀yin àtọmọ jọ wá ihò inú rẹ̀, kó máa na ìka sí i, kí ẹ máa rán an. Alẹ́ náà ni ẹ lè ka èémí ọmọ bó ti ń sùn.

Ìyá àgbà kan sọ pé omi gbígbóná àti àgbo ni wọ́n fi tọ́ òun, ìyàwó ọmọ òun sì ní ọmú nìkan ni òun máa fún ọmọ títí oṣù mẹ́fà á fi pé, kò ha ní kú fún òùngbẹ bí? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá, torí pé ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ló sọ jáde. Mi ò ní kí wọ́n gbà mí gbọ́. Mo ní kí màmá gbé ìwé kan sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, kó máa fa ìlà kan sí i nígbàkigbà tí ìlédìí bá tutù, láti ọjọ́ karùn-ún tí a bí ọmọ. Bí ìlà náà bá tó mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin òwúrọ̀ sí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, omi inú ọmú tó o. Bí kò bá tó, kí wọ́n gbé ọmọ lọ kí nọ́ọ̀sì wo bó ṣe ń mu ọmú. Màmá ní òun á kà á, pé òun náà fẹ́ mọ̀.

Ìbéèrè ìkẹyìn wá láti ẹnu tísà kan: ọmọ pọ̀ nínú kíláàsì òun, kò sí yàrá sáyẹ́ǹsì, kò sí owó. Mo ní kó má ra nǹkan kan. Nǹkan kan lọ́sẹ̀ ni kó máa rán lọ sílé. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, eérú ni. Lọ́jọ́ Ajé, kí àwọn ọmọ mú àwòrán wọn wá, kó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, èyí tó ní ipa ẹsẹ̀ ní apá kan, èyí tí kò ní ní apá kejì. Nọ́ọ̀sì láti ilé ìwòsàn àdúgbò ti gbà láti yà wá ní Ọjọ́bọ̀. Kí àwọn òbí tí wọ́n rí ipa ẹsẹ̀ wá ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí olúkúlùkù sì mú ike kan tó ń lò fún gàrí dání, kí a lè wo àwọn ìdérí tí kò bá dé dáadáa mọ́.